Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Ní ìlú tiwa, kò sí ohun tí ènìyàn lè máa ṣe tí a kò ní ìkíni fún. Ẹni tó ń roko, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ń ti oko bọ̀, ẹ kú àbọ̀. Ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan láti àárọ̀, ẹ kú ìjókòó, kí ó má baà rò pé a ò rí làálàá òun. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi ń wa kẹ̀kẹ́ nínú yàrá, lójú kan, tí kò lọ síbì kankan, gbogbo ẹni tó gba iwájú ilé wa kọjá ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọn á sì wá ìkíni tì. Ẹ kú ìrìn kò bá a mu, nítorí kò rìn. Ẹ kú iṣẹ́: iṣẹ́ wo? Ẹ kú eré: ìyẹn á jọ èébú. Wọn á wò ó, wọn á wo ògiri tó kọjú sí, wọn á ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," wọn á sì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kórìíra "ẹ pẹ̀lẹ́" yẹn ju ìrora orúnkún rẹ̀ lọ.

Iṣu ni ó ń rù. Láti oko Kèrè àti Lèma ni ó ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá sí ọjà Dásà, ìlú àwa ọmọ Ìdáàṣà. Ẹni tó bá rí i lókèèrè, òkìtì iṣu tó ń dá rìn ni yóò rí. Ó dìgbà tó bá súnmọ́ kí ènìyàn tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi fẹ́ ìyàwó, òun ló fi ń bọ́ ìyá wa, òun náà ló fi rán mi ní ilé ìwé títí mo fi gba sẹtifíkà, tí ìwé sì sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ti ń pè wá títí pé kí a wá fi ọwọ́ ara wa tún ṣe ló gbé e ṣubú. Ayé Rèfólúsíọ̀n ni, ìgbà tí ìjọba ní ayé ti yí padà, gbogbo nǹkan ni a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe. A ti ṣe ìpàdé lórí ọ̀nà náà, a ti pàtẹ́wọ́ fún un, a sì ti kọrin nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kì í dí kòtò. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀ kalẹ̀ láti Kèrè pẹ̀lú ẹrù iṣu, ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ kó sí kòtò kan, gbogbo iṣu sì jókòó lé e lórúnkún.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ohun funfun kan tó le bí òkúta di ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, ẹsẹ̀ náà ti gan bí ọmọ odó. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà nítorí pé aṣọ rẹ̀ funfun, ará etí òkun ni. Faransé àti Fọ̀n ló ń sọ. Wọ́n mú mi wá láti túmọ̀, èmi akọ̀wé ilé.

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa yí pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ nínú ilé, kí a fi igi gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè kúrò nílẹ̀, kí a fi àkísà díẹ̀ kàn án lára kí ó má baà máa sáré bí asínwín. Ó ní irin eléyín tó wà lẹ́yìn, èyí tí ṣẹ́ẹ̀nì ń jẹ, tí àwa níbí ń pè ní ruulíbù, kí a wá èyí tó tóbi jù tí a bá lè rí. Bí ó bá ṣe tóbi tó ni ẹsẹ̀ yóò ṣe máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ tó. Kò gbọ́dọ̀ fi agbára tì í. Bí orúnkún bá wú, kí ó dúró. Bí a bá ṣe é báyìí, orúnkún á ká padà bíi ti tẹ́lẹ̀, á gun òkè. Bí a kò bá ṣe é báyìí, ibi tó bá gan sí ló máa wà.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀. N kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bi í bóyá ó ti rí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ nínú yàrá rí."

Obìnrin náà wí pé ní ilé ìwòsàn ńlá tí òun ti kọ́ṣẹ́, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ṣe é kò tilẹ̀ ní ẹsẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n kàn án mọ́.

"Kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́sẹ̀, fún ẹni tí kò lẹ́sẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n bára wọn mu." Òun ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti ìgbà tó ti ṣubú.

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ lọ ra ruulíbù. Ní ọjà Dásà, ọ̀dọ̀ Àlájì kan ni gbogbo ohun èlò kẹ̀kẹ́ wà. Ó so wọ́n rọ̀ sórí okùn bí ẹja gbígbẹ: ṣẹ́ẹ̀nì, pẹ́dàlì, ìjókòó, ruulíbù oríṣiríṣi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n wọn bí ẹni ń ṣa iṣu.

"Ọkọ mi kékeré," ni ó pè mí, nítorí pé mo ti wà nílé kí ó tó wọlé, "èyí wúwo. Kò ní ni ọkọ mi lára báyìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo, ọ̀rọ̀ eyín ni. Pé bí eyín ẹ̀yìn bá pọ̀, ẹsẹ̀ á yí púpọ̀ kí kẹ̀kẹ́ tó lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ara á fúyẹ́. Bí eyín bá sì kéré, kẹ̀kẹ́ á fò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló máa san án. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo dá kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Abẹ́ igi atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo ti ń ṣe ìmẹ́lẹ́.

Àlájì gbọ́ wa títí. Ó ní, "Akọ̀wé, níbo lẹ ń lọ?"

"A ò lọ síbì kankan, Àlájì. Inú yàrá ni."

"Kí ni ẹ fẹ́ rù?"

"A ò ní í ru nǹkan kan."

Ó yọ fìlà, ó fi họ orí, ó dé e padà. "Láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú ni mo ti ń ta nǹkan yìí. Ẹni tó ń lọ Savalou, mo mọ ohun tí n ó tà fún un. Ẹni tó ń lọ Savè, mo mọ̀. Ẹni tí kò lọ síbì kankan, tí kò sì ru nǹkan kan, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìwọ̀n tirẹ̀."

"Ẹ fún wa ní èyí tó tóbi jù," ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó mú ọ̀kan jáde tó fẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Ó ní ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ òun, pé gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ èyí tó ń sáré. Ó ní kí a má sọ kékeré ti ilé nù, ọjọ́ kan là ń wá nǹkan. A gbé ńlá lọ sílé. Mo dè é mọ́ kẹ̀kẹ́, mo sì fi kékeré kọ́ sórí ìṣó lára ògiri, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ kò lè yípo. Á lọ síwájú díẹ̀, á padà sẹ́yìn, bí ọmọ tó ń jó nínú odò. Lẹ́yìn náà, ó di ọjọ́ kan, mo wà níta, mo gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ pariwo. Mo sáré wọlé. Pẹ́dàlì ti yípo. Ẹ̀gbọ́n mi ń làágùn, ó ń wo ògiri, ó ní, "Mo ti dé Paouignan." Ọ̀la rẹ̀ ó ní òun ti dé Bohicon. Orúnkún ń ká. Ojú wa ni, a ń rí i.

Ìyá wa nìkan ni nǹkan náà kò dùn mọ́. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ṣé bó ṣe máa máa ṣe é nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Kò ní lọ?"

"Kò ní lọ, ìyá."

"Kò fa omi, kò lọ àgbàdo." Ó wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń yí lófìfo. "Agbára tó ń dà sílẹ̀ yìí, ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lórí òkè tiwa, ènìyàn kì í gbé ẹsẹ̀ lásán. Ẹni tó bá gòkè, ó gbé nǹkan lọ. Ẹni tó bá sọ̀, ó gbé nǹkan bọ̀. Kí géńdé ọkùnrin máa làágùn láti àárọ̀ kí ilẹ̀ sì gbà á, ojú ìyá wa kò rí irú ìfiṣòfò bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni délégè bá lẹ́nu rẹ̀. Délégè ni olórí àdúgbò wa ní ayé Rèfólúsíọ̀n. Kí Rèfólúsíọ̀n tó dé, ẹ̀pà ló ń gbìn, ó sì mọ̀ ọ́n gbìn. Ó na ọwọ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ehuzu!" Ìyẹn ni pé ayé ti yí padà. A dá a lóhùn pé, "Dandan!" Òun nìkan ni ìkíni kì í wọ́n. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi lórí kẹ̀kẹ́.

"Kàmáráàdì, ìjà ń tẹ̀síwájú."

"Ó ń tẹ̀síwájú," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, ó ń yí pẹ́dàlì, "àmọ́ kò kúrò lójú kan."

Délégè kò rẹ́rìn-ín. Ìyá wa sọ ti agbára tó ń dà sílẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn ní dísítríkì lójoojúmọ́ náà nìyí: kí ìlú gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó láì mú nǹkan jáde. Ìyá wa mi orí. Láti ìgbà tí Rèfólúsíọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí òun pẹ̀lú rẹ̀ gbọ́ra wọn yé.

Èmi náà kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì nìkan ru èrò yẹn. Mo ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà Paouignan, tó ń mu epo tó sì ń kígbe. Mo gbẹ́ igi roboto kan, mo fi ìṣó lu páànù títí tó fi hu ẹnu ṣóńṣó, mo fi wé igi náà. Mo bọ́ rọ́bà kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo fi okùn tí mo gé lára rọ́bà ọkọ̀ akẹ́rù so irin ẹsẹ̀ náà pọ̀ mọ́ igi roboto. Ẹ̀gbọ́n mi yí pẹ́dàlì, igi yí, ìyá wa ti ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn, ìyẹ̀fun tútù sì ń já sínú agbada. Kò yára. Ruulíbù ńlá yẹn ń rin ẹ̀gẹ́ bí arúgbó tó ń jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n ó ń rin ín.

Ọjọ́ kejì, obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ òkè gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo agbada.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀gbọ́n mi dá ẹsẹ̀ dúró. Ó tún aṣọ tó ró ṣe kí ó tó dáhùn. Ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè ọmọ, ó bi í léèrè oko, ó bi í léèrè ewúrẹ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó yí pẹ́dàlì náà bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè ní Porto-Novo.

Láti ìgbà náà, ilé wa di ilé iṣẹ́. Àwọn obìnrin tò síta, wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ebi ti ń pa ọkọ mi." "Jẹ́ kí ó sinmi, ìwọ. Ṣé ẹsẹ̀ ọkọ tìẹ ni?" Àwọn tó ń ní "ẹ pẹ̀lẹ́" tẹ́lẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ni gbogbo wọn ń wí báyìí. Délégè lọ sọ ní dísítríkì pé àdúgbò òun ní ẹ̀rọ tí kì í mu epo. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó.

Ìgbà náà ni délégè kíyè sí i pé ẹ̀rọ náà kò yára tó èyí tí àlejò ń bọ̀ wá wò. Ó pe ìpàdé sínú yàrá wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eyín púpọ̀ àti eyín díẹ̀. Ta ni yóò tún ṣàlàyé rẹ̀? Délégè mú ruulíbù kékeré kúrò lórí ìṣó, ó gbé e sókè.

"Ńlá tó wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn, olówó abikùn ni. Ó jẹ púpọ̀, kò lè sáré. Kékeré yìí ni tálákà tó ń ṣiṣẹ́."

A rẹ́rìn-ín, a pàtẹ́wọ́. Ohùn mi ló ga jù. Mo rò pé ó gbọ́n.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Dókítà ní ńlá ni kí a lò."

"Dókítà, ará etí òkun," ni délégè wí. "Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní. Kí ni yóò mọ̀ nípa orúnkún ọmọ Ìdáàṣà? Orúnkún tó ti gun òkè mọ́kànlélógójì ìlú wa, ṣé irin kékeré báyìí ni yóò dá a dúró?"

Gbogbo ilé mi orí, èmi náà mi orí. Ọ̀rọ̀ yẹn, láti kékeré ni wọ́n ti ń fi bọ́ wa: pé orúnkún tiwa kì í ṣe orúnkún ènìyàn lásán. Kò sí ẹni tó rántí pé orí òkè náà ni orúnkún yìí ti fọ́.

Délégè kọjú sí mi. "Akọ̀wé, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lè ṣe é?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n wọn, gbogbo wọn ń wò ó.

Ó ní, "Fi kékeré sí i."

Bí òun kò bá tilẹ̀ lè kọ̀ lójú wọn, ó yẹ kí èmi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo túmọ̀ ohun tí dókítà wí. Mo mú irinṣẹ́, mo tú ńlá, mo de kékeré mọ́ ọn. Ọwọ́ mi yá, nítorí pé wọ́n ń wò mí.

Ẹ̀gẹ́ ń fọ́n sára ògiri. Àlejò dísítríkì dé, ọkùnrin méjì tí aṣọ wọn dọ́gba. Wọ́n wo igi roboto, wọ́n wo okùn rọ́bà, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi eyín pa eyín. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ èkejì létí, ó fi Faransé wí pé, "Ẹni àánú."

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè ohun tó sọ.

Mo ní, "Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

Ó sì dá wọn lóhùn pé kí Ọlọ́run bá wọn ṣe tiwọn náà.

Orúnkún ti ń wú nígbà yẹn. Ó ń fi aṣọ bò ó. Ìyàwó rẹ̀, tó ń fi òrí pa á lára, ló kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní kó má sọ. Ìyàwó náà pa á mọ́ra títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà, tí ilé kún, tí délégè jókòó ní àga tirẹ̀, obìnrin náà wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń bó ẹ̀gẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí kẹ̀kẹ́, ó gé okùn rọ́bà já. Igi yí díẹ̀ sí i, ó dúró.

Délégè dìde. Ó ní sàbọtáàjì nìyí, pé a ń ba iṣẹ́ Rèfólúsíọ̀n jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni obìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ká aṣọ kúrò lórí orúnkún ọkọ rẹ̀, gbogbo wa sì rí i: ó tóbi bí orí ọmọ, ó ń dán. "Sàbọtáàjì ni. Ẹ gun kẹ̀kẹ́, bàbá, kí ẹ fi orúnkún tiyín sí i. N ó so okùn padà fún un yín."

Délégè rántí pé òun ní ìpàdé. Àwọn obìnrin gbé agbọ̀n wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ló kẹ́yìn. Ó gbé agbada rẹ̀ lọ síta, ó jókòó sábẹ́ òrùlé, ó sì ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ká ẹsẹ̀ náà títí tó fi kọ̀. Ó bi mí léèrè ruulíbù tí a lò. Mo sọ fún un. Kò bínú; ì bá tilẹ̀ sàn kí ó bínú. Ó ní ibi tí orúnkún náà ká dé yẹn ni yóò wà. Ó ní kí a dá ńlá padà, pé á lè fi gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ṣùgbọ́n kí ó gbàgbé òkè.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí náà, n kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Sọ fún un pé mo dúpẹ́."

Ruulíbù ńlá ló wà lára kẹ̀kẹ́ báyìí, lójú títì. Bí ó bá ń lọ Paouignan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí wìrìwìrì, kẹ̀kẹ́ á máa lọ jẹ́jẹ́, ewúrẹ́ á yà á sílẹ̀. Kékeré ṣì wà lórí ìṣó. Kò sí ẹni tó ní kí n sọ ọ́ nù, èmi náà kò fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá jẹ́ Kèrè là ń lọ, mo máa ń bá a lọ. Kò pè mí. Mo kàn ń lọ ni. Bí a bá ń bọ̀, ìdajì iṣu wà lórí kẹ̀kẹ́, ìdajì wà lórí mi. Níbi tí ọ̀nà bá ti gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, èmi á tì í lẹ́yìn.

"Akọ̀wé," á ní, "tì í dáadáa. Ṣebí o mọ̀ nípa eyín."

Lọ́jọ́ kan, a wà ní àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó ń tiro, mo ń mí hẹlẹ. Ìyá arúgbó kan ń sọ̀ bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ó dúró kí a lè kọjá. Ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sílẹ̀, ó ń dúró de "ẹ pẹ̀lẹ́."

Ìyá náà ní, "Ẹ kú ìrìn o."

"Ẹ kú ìrìn, ìyá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì gbé ojú sókè. "Ilé ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́?"

Ó bi í léèrè títí dé orí ewúrẹ́. Iṣu wà lórí mi. Mo dúró.